Géèmù tí a sanwó rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé pa àwọn server, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé géèmù eré ọkọ̀ wọn kan, The Crew, ró. Ọdún 2014 ni géèmù náà jáde. Owó gidi ni àwọn èèyàn fi rà á, ọ̀pọ̀ sì ní àwo rẹ̀ nínú páálí nílé. Láti ọjọ́ náà kò ṣí fún wọn mọ́, kódà fún ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá wakọ̀ kiri nínú rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje. Àwo wà, ẹ̀rọ wà, iná wà, géèmù ò sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ubisoft tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì àwọn tó rà á.

Ìyẹn ló bí ìpolongo Stop Killing Games, tí Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò nípa géèmù, dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Wọn ò ní kí ilé-iṣẹ́ máa gbé server ró títí ayé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú géèmù tó ti tà ṣètò rẹ̀ kí ó tó lọ, kí ẹni tó rà á lè máa gbá a lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Keje ọdún 2025, ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kọjá mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lùwé, iye tí òfin ibẹ̀ là kalẹ̀ kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọn tó di dandan fún láti dá aráàlú lóhùn.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo sì rí i pé ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà ti wọ́n, tí dọ́là ò ti ṣeé rí rà, ibẹ̀ ni àgádágodo orí géèmù, ìyẹn ọgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ fi ń dí ẹni tí kò gbàṣẹ lọ́nà, ti ń dun èèyàn jù. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí ará Yúróòpù nínú yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Kò kàn sí ẹni tó kó ìbuwọ́lùwé jọ nítorí tiwa ni.

Ẹni tó bá gba Under G kọjá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH, yóò gbọ́ ariwo àwọn ilé géèmù kó tó rí wọn. Tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, bẹ́ǹṣì onípákó, pádì tí wọ́n ti tún ṣe láìmọye ìgbà, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù. Ẹni tó bá na ẹnìkejì rẹ̀ ń jókòó síbẹ̀, ẹni tí wọ́n nà ni yóò sanwó. Àwọn ọmọ iléèwé gíga á máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kéékèèké ìdí tí goólì yẹn fi wọlé, àwọn kékeré á máa bẹ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan sí i."

Àríwísí géèmù tó jinlẹ̀ jù tí mo gbọ́ rí, inú ṣọ́ọ̀bù báyìí ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rántí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń jiyàn lórí géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ ti ilé-iṣẹ́ Konami àti ti ilé-iṣẹ́ EA. Ọ̀kan ní nínú ti Konami, bọ́ọ̀lù kì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, pé èèyàn gbọ́dọ̀ ronú kó tó gbá a síwájú. Èkejì ní ti EA ló dára lójú, pé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ gan-an ló wà níbẹ̀. Wọ́n tú àṣìṣe aṣọ́lé palẹ̀, wọ́n sọ ibi tí àwọn adigẹ́hìn ti ń sùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kàwé nípa iṣẹ́ àríwísí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń sọ fún wọn.

Báwo wá ni géèmù ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? PS2, ẹ̀rọ géèmù PlayStation kejì, ló ṣí ọ̀nà. Sony gbé e jáde ní Japan ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ó sì ju mílíọ̀nù 150 lọ tí wọ́n tà kárí ayé. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kí a tó sọ nípa àwo ayédèrú, ó yẹ kí a mọ bí àgádágodo Sony ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

PlayStation àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1994, ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka àwo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ojú ìlà náà máa gbọ̀n díẹ̀. Inú gbígbọ̀n yẹn ni wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin pamọ́ sí, tó ń sọ agbègbè tí àwo ti wá: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń da àwo kọ nílé lè kọ gbogbo ohun tó wà nínú géèmù, àmọ́ kò lè kọ gbígbọ̀n yẹn. Bí PlayStation bá fi àwo sí ẹnu tí kò bá lẹ́tà náà níbẹ̀, á dá a padà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa. Àgádágodo kan náà tó ń lé ayédèrú ló ń lé àwo gidi tó wá láti agbègbè mìíràn. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n ẹnìkan gbé bọ̀ láti London kò ní gba àwo gidi tí àǹtí ẹni fi ránṣẹ́ láti Houston, bó ti wù kí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tó. Kò sì sí lẹ́tà kankan fún Áfíríkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò ká wa mọ́ ọjà yẹn rárá. Nígbà tí PS2 dé, ìpín agbègbè yìí ṣì wà níbẹ̀, ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bá ń lẹ chip mọ́ ọn nínú kí ó lè gba àwo gbogbo. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra PS2 ní ìlú yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi olùtà ni pé, "Ṣé ẹ ti chip ẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni àwo ayédèrú inú ọ̀rá ṣe dé, láti Alaba ní Èkó, ní iye tí ọmọ iléèwé lè tù jọ. Òfin ní olè ni, òfin ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí ṣọ́ọ̀bù kankan ní Tákié tàbí Sábó nígbà náà tó ń ta àwo tí Sony fọwọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún ojúlówó kò rí ẹni tó máa sanwó fún. Ní Brazil náà, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tú géèmù bọ́ọ̀lù Konami lórí PS2, wọ́n fi àwọn ẹgbẹ́ ilé wọn sí i, wọ́n sọ ọ́ ní Bomba Patch, ó sì di ohun tí gbogbo ìlú ń gbá. Níbi tí ojúlówó kò bá dé, àwọn èèyàn á ṣe tiwọn.

Àgádágodo ti ń pààrọ̀ aṣọ láti ìgbà tó ti pẹ́. Ní ọdún 1976, Bill Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn tó ń da ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ láìsanwó. Ní àwọn ọdún 1980, géèmù á ní kí o lọ wo ọ̀rọ̀ kan lójú ewé kan nínú ìwé tó bá a wá. Bí ìwé bá sọnù, ó parí. Nintendo fi chip sí inú ẹ̀rọ NES àti sí inú káátírììjì géèmù pẹ̀lú, kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ olè lọ, wọ́n fẹ́ máa pinnu ẹni tó lè ṣe géèmù fún ẹ̀rọ wọn. Gbogbo ìyẹn ṣì wà nínú ilé ẹni. Ẹni tó ra ojúlówó, tó tọ́jú ìwé rẹ̀, lè ti ilẹ̀kùn kó gbá géèmù rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yí padà ni pé wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò nílé lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Nígbà tí géèmù Spore jáde ní ọdún 2008, ẹni tó rà á kò lè fi í sórí kọ̀ǹpútà ju ìgbà mẹ́ta lọ kó tó di pé ó ń pe ilé-iṣẹ́ láti bẹ̀bẹ̀. Inú bí àwọn èèyàn débi pé Spore wà lára àwọn géèmù tí wọ́n jí dà kọ jù lọ́dún náà. Ní ọdún 2010, Ubisoft ní kò sí ẹni tó máa gbá Assassin's Creed II lórí kọ̀ǹpútà bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí àwọn kan kọ lu server wọn ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn tó sanwó ló dúró síta.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọdún 2013. Microsoft kéde Xbox One, wọ́n ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, géèmù ò ní ṣí. Wọ́n bi ọ̀gá ẹ̀ka náà, Don Mattrick, léèrè nípa àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró. Èsì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ wà fún irú wọn, Xbox 360, èyí tó ti wà lórí àtẹ láti ọdún 2005. Mo rò ó wò láti ibi tí mo wà. Ìlú tó tóbi tó Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọkùnrin yẹn ní kí gbogbo wa dúró sí àná. Ariwo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí Microsoft yí ohùn padà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà. Bí wọn ò bá pariwo, ta ni ìbá bá wa sọ ọ́?

Lórí kọ̀ǹpútà, Denuvo ni orúkọ àgádágodo tí ẹ máa gbọ́ jù lónìí. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, FIFA 15 sì wà lára àwọn géèmù àkọ́kọ́ tó lò ó ní ọdún 2014. Ó máa ń so géèmù mọ́ kọ̀ǹpútà kan pàtó: ní ìgbà àkọ́kọ́, á ka àmì ara ẹ̀rọ rẹ, á fi ránṣẹ́ sí server, server á fún un ní ìwé àṣẹ tó bá ẹ̀rọ yẹn nìkan mu. Lẹ́yìn náà á tún máa yẹ ara rẹ̀ wò bí o ṣe ń gbá géèmù lọ. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Nígbà tí Resident Evil Village jáde ní ọdún 2021, tí Capcom tó ṣe é fi àgádágodo tirẹ̀ kún Denuvo, àwọn tó gba èyí tí wọ́n ti kíráàkì (já àgádágodo rẹ̀) rí i pé tiwọn ń rìn geere, nígbà tí ti àwọn tó sanwó ń dúró, ó ń ta gìrì. Digital Foundry, àwọn tó máa ń dán bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́ wò, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, Capcom sì ṣe àtúnṣe. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lórí ìyẹn díẹ̀: olè ń gbádùn, onísanwó ń jìyà, lórí iṣẹ́ kan náà.

Èmi náà ti wà nípò onísanwó yẹn. Tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, kò pẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Báárì díẹ̀ ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Mo ṣí géèmù kan tí mo fi oṣù tọ́jú owó kí n tó rà, géèmù tí èèyàn ń dá gbá ni o, ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé sí àkáǹtì mi. Mo gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé, mo gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò gbé e. Àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga, ó ń gbá bọ́ọ̀lù PSP àtijọ́ lórí fóònù Android rẹ̀ pẹ̀lú PPSSPP, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé ti Sony, ṣí lórí fóònù; kò nílò dátà, kò nílò àkáǹtì. Ó na fóònù sí mi pé, "Ẹ gbà, ẹ gbá díẹ̀." Mo gbà á. Mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí mi ò rí ẹsẹ̀ dúró lé. PPSSPP fúnra rẹ̀ ò lẹ́bi, ètò tó bófin mu ni; fáìlì géèmù tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni òfin ń bá wí. Síbẹ̀ òun ni géèmù tó mọ irú ìlú tí a ń gbé.

Owó náà kò ṣeé fojú fò. Láti ọdún 2020 ni géèmù ńlá ti di dọ́là 70. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní bí ₦460 lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn jẹ́ bí ₦32,000. Nígbà tí dọ́là wọ ₦1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, géèmù kan náà di ₦105,000. Owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 2025 jẹ́ ₦80,000. Ẹni tó sì ní owó náà lọ́wọ́, ọ̀nà láti san án tún di wàhálà, nítorí láti òpin ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti dá káàdì náírà dúró lórí ọjà ilẹ̀ òkèèrè, tó fi pẹ́ kí àwọn kan tó tún ṣí i. Ìdí rèé tí PS4 tí wọ́n ti jailbreak (tú àgádágodo inú rẹ̀), tí géèmù ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, fi ń yá lọ́jà. Mi ò yìn ín. Mo kàn mọ ìṣirò tí òbí ń ṣe kó tó rà á fún ọmọ.

Nínú gbogbo èyí, àwọn alárìíwísí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ irú géèmù tó dára fún wa kì í bèèrè ìbéèrè tiwa. Wọ́n máa ń gba géèmù lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó jáde, ní ìlú tí iná kì í lọ, wọ́n á kọ̀wé nípa àwòrán, ìtàn àti orin rẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì. Ìgbà tí ohun tó ń ṣe wá bá ṣe wọ́n nìkan ni máàkì wọn máa ń yí. Ẹ wo géèmù SimCity ti oṣù Kẹta ọdún 2013. Polygon, ìwé ìròyìn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún un ní 9.5 nínú 10 kó tó dé ọwọ́ aráàlú. Ó jáde, server kò gbé èrò, àwọn èèyàn tó rà á kò rí ọ̀nà wọlé. Polygon sọ máàkì náà di 8, wọ́n tún sọ ọ́ di 4. Kì í ṣe àwòrán tàbí orin géèmù náà ló yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìlẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ ló há. Àwọn tó ṣe é ti ń sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí server, pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ọdún kan, ní oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn kan náà ló ṣí ọ̀nà kí èèyàn máa gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí èmi bá ń kọ àríwísí, ohun tí màá kọ́kọ́ kọ sókè ni bóyá ó ń ṣí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ìkejì, mélòó ni gìgábáìtì tí èèyàn máa dáńlóòdù kó tó lè gbá a, nítorí owó dátà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó géèmù. Àwo inú páálí pàápàá kò fini lọ́kàn balẹ̀ mọ́. Nígbà tí Nintendo gbé Switch 2 jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, púpọ̀ nínú àwọn káàdì géèmù tí wọ́n tà fún un kò ní géèmù kankan nínú. Àṣẹ láti lọ dáńlóòdù rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ra irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ra páálí, ó ku géèmù.

Síbẹ̀ mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni tó ń ṣe géèmù kò ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀. William Volckmann, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2024 lórí géèmù 86 tó lo Denuvo. Ó rí i pé èyí tí wọ́n bá tètè kíráàkì, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, máa ń pàdánù bí ìdá kan nínú márùn-ún owó tó yẹ kó wọlé fún un. Owó ńlá nìyẹn, ẹni tó bá ní olè kò pa ẹnikẹ́ni lára kò wo ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àgádágodo ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan wá mọ́. Kí ló dé tí wọ́n ṣì fi ń fi í sílẹ̀ lọ́rùn géèmù lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń yọ ọ́ bó bá yá. Kí gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ sára ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe géèmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan mọ́. Maliyo Games ti Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ti wà láti ọdún 2012. Ọdún yẹn kan náà ni Abiola Olaniran, tó jáde ní OAU Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, tí àwọn èèyàn sì dáńlóòdù géèmù rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù lórí fóònù Windows. Mo bèèrè pé: níbo ni géèmù wọ̀nyẹn wà lónìí? Microsoft ti ilé ìtajà Windows Phone 8.1 pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ẹni tó bá ní irú fóònù yẹn nílé kò lè gba géèmù kankan láti ibẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, lára àwọn géèmù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ayé gbá, kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n kó o sí wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó tì í, ó lọ. Ọpọ́n ayò tí bàbá àgbà mi fi sílẹ̀ ní Ìjẹ́rù ṣì wà, ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́, a sì ń ta á. Mi ò rí ìdí tí iṣẹ́ Gamsole kò fi yẹ fún irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀.

Kì í sì ṣe tiwa nìkan ló ń parẹ́. Video Game History Foundation ṣe ìwádìí ní ọdún 2023, wọ́n rí i pé ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn géèmù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ni kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn ilé ìkàwé ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí àwọn olùwádìí máa wo irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ilé. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ fún wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ohun tí ìpínlẹ̀ California ṣe ní tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, ẹni tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà kedere pé àṣẹ ìlò ló ń rà, pé géèmù náà kò di tirẹ̀.

Nílé níbí, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ti sọ jíjá àgádágodo iṣẹ́ oníṣẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn níbi tí ọjà ṣì wà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá ti pa server, tí kò ta géèmù náà mọ́, tí kò sì ní pa dà wá, ta ni à ń dáàbò bò? Mo fẹ́ kí Àjọ tó ń rí sí Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ní irú géèmù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè tú u, kí ilé ìkàwé yunifásítì náà lè tọ́jú rẹ̀. LAUTECH ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti rí àwọn tó ń tún PS4 ṣe ní Under G.

Fún ẹni tó fẹ́ rà lónìí, kó tó di pé òfin kankan yí padà: GOG, tí àwọn ará Poland dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ń ta géèmù kọ̀ǹpútà láìsí àgádágodo, ẹ lè tọ́jú fáìlì rẹ̀ sórí fílààṣì yín, kó sì máa ṣí títí. Ní ti Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n ń dá owó padà bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rà á, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá pa dátà, kí ẹ fi Steam sí ipò àìní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tún géèmù náà ṣí. Bí ó bá kọ̀, ẹ gba owó yín kí wákàtí méjì náà tó pé.